Láptọ́ọ̀pù tuntun tó ń bọ̀: ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ní Àbújá

Láti Kubwa dé Nyanya, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wa ní Minna àti Kano, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń wọlé: "Wọ́n ní tuntun ń bọ̀, ṣé kí n rà àbí kí n dúró?" Ó ti sú mi láti máa dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá ibi tí tiyín wà, kẹ́ ẹ fo ìyókù.

Àwọn wo ló ń sọ pé láptọ́ọ̀pù kan ń bọ̀, níbo ni wọ́n sì ti ń gbọ́ ọ?

Ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ náà máa ń gbà jò. Àwọn oníròyìn tó ní ojúlùmọ̀ nínú iléeṣẹ́ ni àkọ́kọ́. Tó bá ti jẹ́ ti Apple, Mark Gurman ti Bloomberg ni orúkọ tẹ́ ẹ máa gbọ́ jù. Ìkejì ni àwọn tó ń ṣọ́ àwọn tó ń ṣe ojú láptọ́ọ̀pù, bátìrì àti chip (ọpọlọ ẹ̀rọ) ní ilẹ̀ Éṣíà. Ming-Chi Kuo wà lára wọn. Ìkẹta ni ìwé ìjọba: ẹ̀rọ tó bá ní Wi-Fi gbọ́dọ̀ gba àṣẹ FCC, àjọ ìbánisọ̀rọ̀ ibẹ̀, kí wọ́n tó lè tà á l'Amẹ́ríkà, orúkọ rẹ̀ sì lè yọjú nínú ìwé yẹn kó tó dé orí àtẹ.

Ọlọ́jà tó ń sọ fún yín pé "ọ̀gá mi, ẹ tètè ra èyí, tuntun ń bọ̀, yóò wọ́n ju báyìí lọ" kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọjà ló ń tà. Ẹ máa bá a ná an lọ.

Ṣé ó ní àsìkò tí tuntun máa ń jáde?

Ó ní, ẹni tó bá sì mọ àsìkò kò nílò àhesọ tó bẹ́ẹ̀. January ni CES, ìpàtẹ ẹ̀rọ ńlá ní Las Vegas, ibẹ̀ ni HP, Dell, Lenovo àti ASUS ti máa ń kó tuntun jáde, torí Intel àti AMD náà ń gbé chip wọn wá síbẹ̀. Computex, ìpàtẹ kọ̀ǹpútà ní Taipei, máa ń bọ́ sí May tàbí June. Apple ń ṣe WWDC, ìpàdé ọdọọdún tirẹ̀, ní June, àmọ́ sọ́fítíwià ló máa ń gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ti MacBook Air, láptọ́ọ̀pù Apple, rèé (M1, M2 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ ni orúkọ chip inú rẹ̀): M1 ní November 2020, M2 ní July 2022, M3 ní March 2024, M4 ní March 2025. MacBook Pro ní tiẹ̀ fẹ́ràn October, bí M5 ṣe jáde ní October 2025. Ẹ má fi ìyẹn búra ṣá o. Lọ́dún 2023, Pro jáde ní January, ó tún jáde ní October. Ẹni tó ra ti January kò tíì gbádùn rẹ̀ pé ọdún kan tó fi di ti àná.

Tó bá jáde l'Amẹ́ríkà lónìí, ìgbà wo ni mo máa rí i ní Wuse?

Apple kò ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Nàìjíríà, àwọn alágbàtà ló ń tà á fún wa. Èyí tó bá kọ́kọ́ wọlé, inú báàgì ẹnì kan tó ń ti Dubai tàbí London bọ̀ ló máa ń bá wá, owó "èmi ni mo kọ́kọ́ ní in" sì ni wọ́n ń tà á. Ẹ fún un ní oṣù méjì sí mẹ́ta kí ọwọ́ tó ń gbé e wọlé pọ̀, ìgbà yẹn lẹ tó lè ná an bó ṣe yẹ.

Ti HP àti Lenovo tuntun yàtọ̀. Èyí tí wọ́n fi hàn lórí pèpéle ní Las Vegas lè má jẹ́ èyí tó máa dé plaza Banex ní Wuse. Orúkọ á jọra, àmọ́ ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn díẹ̀, RAM rẹ̀ (ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́) á kéré. Ẹ fi nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ikùn ẹ̀rọ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe orúkọ tó wà lára páálí.

Tí tuntun bá dé, ṣé iye ti àtijọ́ á wálẹ̀?

L'Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ni. Níbí, ó di ohun tí dọ́là bá wí. Ẹ wo MacBook Air: $999 ni M1 lọ́dún 2020, $999 náà ni M4 lọ́dún 2025. Lójú wọn lọ́hùn-ún, nǹkan kan ò yí padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 tí dọ́là kan wà ní bíi 460 náírà ní báǹkì, $999 kò ju 459,540 náírà lọ. Ẹ wá ṣírò rẹ̀ ní 1,500 náírà: 1,498,500. A ò tíì ka owó ẹni tó gbé e wá, a ò sì tíì ka èrè ọlọ́jà.

Ọ̀rọ̀ yìí ti bá mi jà nílé àna mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 yẹn kan náà, owó Air ti pé lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni mo ní kó dúró, pé wọ́n ní Apple fẹ́ gbé Air olójú ńlá jáde, oní-inch 15. Àhesọ náà ṣẹ gẹ́ẹ́. Ní 5 June 2023 ni wọ́n fi hàn, $1,299. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, 14 June, ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye ara rẹ̀. Kí a tó rí ẹni tó máa bá wa gbé e, owó ọwọ́ rẹ̀ ò ra oní-inch 13 mọ́. Títí dòní, tí mo bá yà sọ́dọ̀ wọn ní Lugbe, HP tokunbo tó padà rà ló máa ń ṣí síwájú mi, tí kò ní sọ nǹkan kan.

Kí n rà báyìí, àbí kí n dúró?

Tí iṣẹ́ bá ti ń dúró dè é, ẹ rà á.

Ìgbà méjì péré ni mo máa ń ní kéèyàn dúró. Àkọ́kọ́, tó bá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí àsìkò tí mo kà sókè yẹn, tó sì jẹ́ pé dọ́là lowó yín wà, kì í ṣe náírà. Ìkejì, tí ohun tẹ́ ẹ nílò kò bá sí lọ́jà rárá. Ẹni tó ń tọ́jú náírà pa mọ́ de àhesọ, yìnyín ló gbé sínú oòrùn.

Tokunbo lèmi fẹ́ rà. Kí ló wá kàn mí nínú ọ̀rọ̀ tuntun?

Ó kàn yín, àmọ́ kì í ṣe lónìí. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ní ìlú òyìnbó kì í lo láptọ́ọ̀pù kan títí tó fi máa kú. Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ dà nù lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ra tuntun. Ibẹ̀ ni EliteBook ti HP, Latitude ti Dell àti ThinkPad ti Lenovo tó kún Wuse ti ń wá. Ẹ dojú ọ̀kan délẹ̀, ẹ máa rí ibi tí gọ́ọ̀mù sítíkà iléeṣẹ́ wà, onígun mẹ́rin kékeré tí eruku ti dì mọ́. Nígbà mìíràn nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Nítorí náà, èyí tí wọ́n ń ṣe àhesọ rẹ̀ lónìí ni tokunbo tẹ́ ẹ máa rà lọ́dún mẹ́rin sí i. Tí iléeṣẹ́ bá lẹ RAM mọ́ inú lónìí, ẹ̀yin ni kò ní lè fi kún un nígbà náà.

(Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ táwọn Hausa àti Ìgbò ń pe "tokunbo" nínú plaza, ẹ rántí pé orúkọ ọmọ wa ni. Wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ wa láìsan kọ́bọ̀.)

Ṣé mo ṣì lè ra èyí tó ń lo Windows 10?

Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní 14 October 2025. Ẹni tó bá forúkọ ẹ̀rọ tara rẹ̀ sílẹ̀ fún àfikún ń rí àtúnṣe ààbò gbà títí di 13 October 2026, ó parí síbẹ̀. Ẹ̀rọ náà ò ní kú o. Àmọ́ ẹni tó ń fi láptọ́ọ̀pù wọ àkáǹtì báǹkì lórí Windows tí ẹnikẹ́ni ò tún ṣe mọ́, ilẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀ sùn.

Windows 11 ń béèrè TPM 2.0 (ohun ààbò kan nínú ẹ̀rọ), 4GB RAM, 64GB ààyè, àti chip Intel ìran kẹjọ sókè. Ohun tó mú kí èyí ìran kẹfà àti ìkeje pọ̀ ní olówó pọ́ọ́kú nìyẹn: òyìnbó ń kó wọn dà nù. EliteBook 840 G3 àti G4 ò yege, G5 yege. ThinkPad T470 ò yege, T480 yege. Latitude 7480 ò yege, 7490 yege. Ẹ ṣáà rí i pé ìran kẹjọ ni chip inú àwọn tó yege náà, torí díẹ̀ nínú wọn gbé ìran keje.

Àwọn ọlọ́jà mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń fi tipátipá gbé Windows 11 sórí G4. Á ṣí, á sì máa ṣiṣẹ́. Àmọ́ Microsoft kò ṣèlérí àtúnṣe kankan fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má kàn wo ojú Windows, ẹ wo chip.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ìran chip?

Ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé àmì dáàṣì. i5-7300U: ìran keje. i5-8350U: ìran kẹjọ. i5-10310U: ìran kẹwàá. i7-1165G7: ìran kọkànlá. "Core i7 ni o" lásán kò túmọ̀ sí nǹkan kan. I5 ìran kẹjọ máa ń na i7 ìran keje mọ́lẹ̀, torí wọ́n sọ ọpọlọ méjì inú rẹ̀ di mẹ́rin. Láti December 2023 ni Intel ti yí orúkọ padà sí Core Ultra, kí orí wa lè máa dà rú dáadáa.

RAM mélòó ni kí n mú?

8GB ṣì ń gbé Word, Excel àti bùráósà díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ yín, 16GB ni. Apple tó jiyàn 8GB fún wa tipẹ́tipẹ́ náà ti gbà: láti October 2024, 16GB ni MacBook Air àti Pro tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè tó tún ṣe pàtàkì jù ni bóyá RAM náà ṣeé yọ. EliteBook 840 G5 àti T480 ní ihò méjì tẹ́ ẹ lè ki RAM bọ̀. MacBook ò ní. Intel pàápàá kó RAM sórí ibi tí chip wà nínú Core Ultra 200V tó jáde ní September 2024. 16GB tàbí 32GB, èyí tẹ́ ẹ bá rà lẹ máa bá sùn.

Ẹ má sì gbọ́kàn lé "màá fi kún un lọ́dún tó ń bọ̀". Láti ìparí 2025 ni iye RAM ti ń gòkè káàkiri ayé, torí àwọn tó ń kọ́ ilé kọ̀ǹpútà fún AI ló ń kó o lọ. Ní December 2025, Micron kéde pé òun á dáwọ́ Crucial dúró, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń rà. Tó bá jẹ́ ti RAM, ọ̀la lè wọ́n ju òní lọ.

Kí ni "AI PC" àti "Copilot+" tí wọ́n ń kọ sára páálí? Ṣé mo nílò rẹ̀?

Chip tó ní apá kan tó ń ṣe iṣẹ́ AI nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni. Kí Microsoft tó gbà kí wọ́n kọ Copilot+ sára rẹ̀, apá yẹn gbọ́dọ̀ lè ṣe iṣẹ́ 40 TOPS (ìṣirò trílíọ̀nù 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), pẹ̀lú 16GB RAM àti 256GB ààyè ó kéré tán. Àmọ́ ChatGPT àti Gemini tẹ́ ẹ̀ ń lò, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà. Data yín ló ń jẹ. Láptọ́ọ̀pù ọdún 2018 ń ṣe é.

Lójú tèmi, ohun tó dára jù nínú orúkọ yẹn ni 16GB tí wọ́n sọ di dandan.

Èyí tó ń lo Snapdragon ńkọ́? Wọ́n ní bátìrì rẹ̀ kì í tán.

Chip Qualcomm ni Snapdragon, kì í ṣe Intel tàbí AMD. Láti June 2024 ni àwọn oní-Snapdragon X ti wà lọ́jà, bátìrì wọn sì dára lóòótọ́. Ibi tí wọ́n ti ń dani láàmú ni ohun tí a máa ń so mọ́ ọn. Prínítà àtijọ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀ka, ẹ̀rọ tó ń ka káàdì, gbogbo wọn ló nílò dráífà (sọ́fítíwià tó ń jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù dá wọn mọ̀) tí wọ́n kọ fún irú chip yẹn gan-an, kò sì sí ọgbọ́n àrékérekè kankan tó lè rọ́pò rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe káfè tàbí ibi ìforúkọsílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ìwé kíkọ, Zoom àti íméèlì niṣẹ́ yín, ẹ máa gbádùn rẹ̀.

MacBook Intel ti di pọ́ọ́kú. Ṣé kí n gbé e?

Rárá. Ní June 2025, Apple sọ pé macOS Tahoe ni yóò gbẹ̀yìn fún Mac Intel, díẹ̀ nínú wọn ló sì gbà á rárá. M1 Air tokunbo tó mọ́ sàn ju Pro Intel 2019 lọ: kì í gbóná tó ìyẹn, bátìrì rẹ̀ sì ń pẹ́.

Èyí tó tún burú ni kíbọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ tí Apple ṣe láti 2015 títí di bíi 2019. Ègé eruku kan lábẹ́ bọ́tìnì, ó ti dí nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọyẹ́ Kano, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Kí ni àwa oníbàárà níhìn-ín ń fẹ́ gan-an?

Ọ̀rọ̀ ọkàn mi nìyí. Mo ti bá ẹbí, ará ìjọ àti aládùúgbò ra láptọ́ọ̀pù títí, kò sẹ́ni tó béèrè AI lọ́wọ́ mi rí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ lẹ́nu gbogbo wọn ni: "Wákàtí mélòó ló ń lò tí NEPA bá mú iná lọ?" Láti April 2024 ni àwọn tó wà ní Band A ti ń san owó gọbọi kí wọ́n lè rí iná fún wákàtí 20 lóòjọ́. Àwọn yòókù wa ń fojú bátìrì wo òréré. Láptọ́ọ̀pù tó bá lè gbé èèyàn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ láìtan jẹ́n, epo bẹtiróòlù ló ń fi pa mọ́ fún un.

Lẹ́yìn náà ni ṣájà. Wọ́n fẹ́ èyí tó ń gba USB-C, kí wọ́n lè fi ṣájà kan náà gba iná sí fóònù, kí wọ́n sì lè lo power bank tó lágbára nínú bọ́ọ̀sì Àbújá sí Ìlọrin. Lórí èyí, òfin Yúróòpù ń bá wa ṣiṣẹ́ láìmọ̀: láti 28 April 2026, láptọ́ọ̀pù tuntun tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè gba iná láti ojú USB-C. Tó bá di tokunbo, ọwọ́ wa ló máa bọ́ sí.

Ihò HDMI ńkọ́? Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó prọjẹ́tọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Apple yọ ọ́ kúrò lára Pro lọ́dún 2016, àwọn oníbàárà kígbe fún ọdún márùn-ún, ó padà dá a padà ní October 2021 pẹ̀lú ihò SD àti ṣájà onímágínẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan nínú ìgbà díẹ̀ tí mo rí i tí iléeṣẹ́ ńlá gbọ́ ẹkún nìyẹn.

Àwa ń béèrè bátìrì. Ní January 2024, Microsoft fún wa ní bọ́tìnì Copilot lórí kíbọ́ọ̀dù. Ó ṣé o.

Ooru àti ọyẹ́ ń kọ́? Ṣé èyí tó ń bọ̀ máa gbà á?

Apple fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé MacBook wà fún ibi tí ooru rẹ̀ bá wà láàrin 10 sí 35 lórí ìwọ̀n Celsius. Ní March àti April, Sokoto àti Maiduguri ń kọjá 40. Wọn ò ṣe é fún wa, ká sọ òótọ́. MacBook Air kò ní fáànù láti ìgbà M1, ìyẹn dára lásìkò ọyẹ́ torí kò sí ohun tó ń fa eruku wọlé. Àmọ́ nínú ooru, ṣe ló máa ń dín eré kù kó má baà jóná. Èyí tó ní fáànù ń sáré dúró, eruku sì ń wọlé sí i. Ẹ mú ọ̀kan.

Mo ti ṣí ThinkPad kan tó lo ọyẹ́ méjì ní Kano. Ohun tó wà lẹ́nu fáànù rẹ̀ dà bí ẹ̀lùbọ́ tí wọ́n kù, tó wá dì mọ́ra bí òwú; mo fi èékánná ṣí i, odindi ló jáde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fẹ́ ẹ lọ́dọọdún, lẹ́yìn tí ọyẹ́ bá lọ, kí onítọ̀hún sì fi ìka di fáànù mú kó má yí nígbà tó bá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Ẹ má sì fi láptọ́ọ̀pù sínú ọkọ̀ tẹ́ ẹ páàkì sínú oòrùn. Bátìrì tó bá ti wú bíi búrẹ́dì kì í padà.

Mo tẹ @, àmì mìíràn ló jáde. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Kò bàjẹ́. Ìlú òyìnbó tó ti wá ló ń fi hàn. Tẹ́ ẹ bá rí £ lórí 3, London ló ti wá, @ àti àmì ọ̀rọ̀ ẹlẹ́nu ti pààrọ̀ ibùjókòó. Tí Z bá wà níbi tí Y yẹ kó wà, Jámánì ni. Ẹ lọ sí ètò kíbọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ yan èyí tó bá ohun tó wà lára rẹ̀ mu.

Níbẹ̀ náà, ẹ fi Yorùbá kún un. Windows ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tirẹ̀. Lórí Mac, ẹ yan ABC – Extended, á bá yín fi àmì sórí, á sì fi sísàlẹ̀. Kò dìgbà tí wọ́n bá ṣe láptọ́ọ̀pù tuntun kẹ́ ẹ tó lè kọ ẹ, ọ àti ṣ bó ṣe yẹ.

Ṣé ó dín ní Kano ju Àbújá lọ?

Nígbà mìíràn, díẹ̀. Ẹ yọ owó ọkọ̀ kúrò kẹ́ ẹ tó yọ̀. Tẹ́ ẹ bá dárúkọ iye tí ọlọ́jà sì ní "albarka", kò tó nìyẹn. Tó bá ní "na sallama", ó ti tà á fún yín, ojú á sì tì yín tẹ́ ẹ bá ń fà sẹ́yìn.

Báwo ni mo ṣe máa yẹ bátìrì tokunbo wò kí n tó sanwó?

Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ powercfg /batteryreport, kẹ́ ẹ ṣí fáìlì tó bá gbé jáde. Ẹ fi "Full Charge Capacity" wé "Design Capacity". Tí àkọ́kọ́ kò bá tó ìdajì ìkejì, ẹ yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye. Lórí Mac, ẹ wá "Cycle Count" nínú System Information. 1,000 ni Apple kà sí òpin fún èyí tó pọ̀ jù nínú MacBook òde òní.

Ọlọ́jà tó bá ní "ọ̀gá, a ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń lo wákàtí márùn-ún", ẹ ní kó jẹ́ kẹ́ ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò.

Wọ́n ní Mac onífọwọ́kàn ń bọ̀. Òótọ́ ni?

Ní 2010, Steve Jobs dúró síwájú ayé, ó ní ojú tó dúró ṣánṣán kò yẹ fún ìfọwọ́kàn, pé apá á ro èèyàn. Ní January 2023, Bloomberg kọ ọ́ pé Apple ti ń ṣe ọ̀kan, pé ó lè jáde ní 2025. 2025 wá, ó lọ, M5 jáde, ojú rẹ̀ kò gba ìka.

Kì í ṣe pé oníròyìn purọ́. Iléeṣẹ́ lè máa ṣe nǹkan nínú yàrá fún ọdún mẹ́wàá, kó má gbé e jáde. Nínú àhesọ, "wọ́n ń ṣe é" máa ń ṣẹ ju "ó máa jáde lóṣù báyìí" lọ. Ẹ fi ojú ọ̀tọ̀ wo méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá ń fẹ́ ojú tó gba ìka lónìí, EliteBook x360 tokunbo wà nílẹ̀.

Ẹnì kan ní kí n san owó sílẹ̀ fún èyí tí kò tíì jáde. Ṣé kí n san án?

Ẹ má san án. Èyí tí iléeṣẹ́ kò tíì fi hàn kò ní iye, kò ní nọ́ńbà, ẹni tó ń gbowó rẹ̀ sì ń tà yín lálàá ni. Kódà èyí tí wọ́n ti fi hàn, ìdajì owó ni mo máa ń san, pẹ̀lú ìwé tí nọ́ńbà ẹ̀rọ gan-an wà nínú rẹ̀, kì í ṣe "MacBook kan".

Kí ló dé tí iléeṣẹ́ kì í sọ òótọ́ fún wa ṣáájú?

Torí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Osborne. Lọ́dún 1981, iléeṣẹ́ Adam Osborne ta ọ̀kan lára kọ̀ǹpútà àgbégbà àkọ́kọ́. Àwọn èèyàn rà á gan-an. Lẹ́yìn náà ló ń sọ̀rọ̀ èyí tó máa tẹ̀ lé e kó tó ṣe tán, oníbàárà bá dúró de tuntun, ọjà tó wà nílẹ̀ kò tà mọ́. Nígbà tó fi di September 1983, iléeṣẹ́ náà ti wọ gbèsè. Àwọn kan sọ pé ẹ̀bi mìíràn wà níbẹ̀, mo sì gbà. Àmọ́ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àìsàn yẹn títí dòní, gbogbo ọ̀gá iléeṣẹ́ ló sì ń bẹ̀rù rẹ̀.

Mo ra tokunbo, ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ló bá ní iléeṣẹ́ kan ló ni òun. Kí nìyẹn?

Èyí ló ta kókó jù nínú gbogbo ìbéèrè. Iléeṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀ ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọn ò sì yọ ọ́ kí wọ́n tó dà á nù. Tàbí kí wọ́n ti jí i. Lórí Mac, ojú ìwé "Remote Management" tàbí "Activation Lock" ló máa yọ. Lórí EliteBook àti Latitude, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwọlé inú BIOS, ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó ṣí. Ìwọ̀nyí kì í lọ tẹ́ ẹ bá tún Windows tàbí macOS gbé. Ẹni tó bá ní òun lè "fọ́ ọ" ń gbowó lórí ohun tó lè padà yọjú.

Mo ti bọ́ sínú ẹ̀ rí, lọ́jà kan tí mi ò ní dárúkọ. Ọlọ́jà ti tò ó sílẹ̀, desktop rẹ̀ ṣí, mo wo kíbọ́ọ̀dù, mo wo ojú, mo sanwó. Mi ò so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Àṣìṣe mi nìyẹn, torí ìgbà tó bá kan íntánẹ́ẹ̀tì ló máa ń ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́.

Nítorí náà, kí owó tó kúrò lápò: ẹ ní kí wọ́n pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́ níwájú yín, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bíi tuntun. Ẹ tan hotspot fóònù tiyín, ẹ jẹ́ kó wọ íntánẹ́ẹ̀tì lójú ìwé ìbẹ̀rẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ pa á, ẹ tún un tàn, ẹ wọ BIOS (F10 lórí HP, F2 lórí Dell, F1 lórí ThinkPad). Tó bá béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé, ẹ dá a padà fún un. Gbogbo rẹ̀ lè gba wákàtí kan. Ọlọ́jà tí kò bá ní sùúrù wákàtí kan, ẹ fi sílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé e ń dúró.

Mo ra tèmi tán, tuntun jáde lọ́sẹ̀ kejì. Ṣé mo lè dá a padà?

Ẹni tó rà á lọ́wọ́ Apple l'Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 14 láti fi dá a padà. Níbí, ọjọ́ mélòó kan tí ọlọ́jà fún yín wà fún bó bá bàjẹ́, kì í ṣe fún bí ọkàn yín bá yí padà. Ẹ lọ bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Àwọn kan á gbà kẹ́ ẹ fi owó lé e, kẹ́ ẹ sì gba tuntun nígbà tó bá dé.

Tí kò bá gbà, ẹ tọ́jú páálí, ṣájà àti rìsíìtì rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tó ní páálí máa ń tètè tà, tí dọ́là bá sì ti gbéra láàrin ìgbà yẹn, ẹ lè rí iye tẹ́ ẹ rà á gbà, kó tún lé díẹ̀.